Apenisa, Mereoni Ti So Swíìṣì Náà

Apenisa, àbúrò mi, ọdún mẹ́rin rèé tí a gbé ọ sin, ara wa ò tíì gbà á. Ilé tó o fi sílẹ̀ ní Nasinu ti ní òrùlé. Ulamila ìyàwó rẹ ti kùn ún ní búlúù, ó ní àwọ̀ tó o fẹ́ nìyẹn. Èmi Losalini ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní Suva, ní ọ́fíìsì tí ìwọ náà ti ṣiṣẹ́.

Mereoni ọmọ rẹ ló wà lórí àga rẹ báyìí, òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti wáyà wa! Wọ́n ṣì ń dán an wò lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ńlá dé. Kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ju ihò ara swíìṣì lọ, ìyẹn àpótí tí wáyà gbogbo wa ń wọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì, ìṣirò owó, tẹlifóònù àti Wáì-Fáì àwọn èrò ń ti ara wọn lójú ọ̀nà kan náà.

Ó ṣe bí ìwọ gan-an. Kò tíì fọwọ́ kan wáyà tó fi po yaqona, omi gbòǹgbò tí a jọ ń mu, tó pè wá jókòó yí àwo ká, tó ń bi oníkálùkù ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pín wa sí VLAN mẹ́rin: ilé kan, yàrá mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Àfi bí Praveen ọ̀gá wa ṣe gbé swíìṣì àlòkù dé láti ọ́fíìsì wa tó kógbá sílé ní Lautoka. Ọkọ̀ tó ń lọ sí erékùṣù Kadavu fẹ́ ṣí, èrò kún ẹnu ọ̀nà.

Praveen ní, "So ó mọ́ ọn jàre. Kí lo tún ń wò?"

Mereoni ní, "Ọ̀gá, ètò Lautoka ṣì wà nínú rẹ̀. Tí mo bá so ó báyìí, tiẹ̀ ló máa pa tiwa rẹ́, a ò sì ní lè ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan."

"Tí ọkọ̀ bá pẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn o."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Síbẹ̀, ó pa ètò Lautoka rẹ́ nínú swíìṣì náà pátápátá, ó kọ ètò tiwa sí i, kó tó so ó.

Ẹ̀rọ mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú! Èrò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ṣí lásìkò, Praveen lọ jẹun. Ẹnì kankan ò kí Mereoni, torí wọn ò rí nǹkan kan tó yí padà. Bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn: tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, kì í hàn.

Ọmọ náà dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń retí àlejò. Mo dìde, mo dì mọ́ ọn, mo ní ó káre. Ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀ níbẹ̀, èmi olùta-tíkẹ́ẹ̀tì?

Apenisa, a fẹ́ràn rẹ, àárò rẹ ò yé sọ wá. Ìwọ nìkan lo mọ bí ohun tí ọmọ rẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn ti tóbi tó, o ò sì sí níbẹ̀ láti sọ fún un.