Màmá Má-Gé-Ọwọ́: Ẹni Tó Fi Òwú Ìránṣọ Di Èdè Wa Mọ́ Ojú Tẹlifíṣàn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹta ọdún 1949 ni wọ́n bí ìyá wa, ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún, sínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí ìró òòlù àti ìró máṣíìnì ìránṣọ kì í dákẹ́ níbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ìran aláròyé ni ìran náà. Wọn kì í jẹun láìjiyàn, wọn kì í sì í parí iyàn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn àgbà ìdílé sọ fún wa pé Màmá ti ń sọ̀rọ̀ geere kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, àti pé ohùn wọn le ju ti olórí ẹbí lọ.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, ibà líle kan dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ara wọn yá, etí méjèèjì ti di. Ìyá wọn sunkún, bàbá wọn kò lè jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán nílé aláròyé. Kò pẹ́ tí ìyá wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ òòjọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fa òwú tí kò sí lọ́wọ́ wọn, "Máa bọ̀" ni. Bí wọ́n bá fi ìka méjì gé afẹ́fẹ́ bí ẹni mú sísọ́ọ̀sì, "Ó tó gẹ́ẹ́" ni. Bàbá wọn ní tiwọn a máa fi ẹsẹ̀ kan pákó ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń pe òun. Láàárín ọdún kan, gbogbo ilé ti ń fi ọwọ́ jiyàn.

Ní ọdún 1956, wọ́n mú Màmá lọ sí ilé-ìwé àwọn adití, wọ́n sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, èèwọ̀ ni fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ a ní kí àwọn ọmọ jókòó lé ọwọ́ wọn, kí wọ́n máa wo ẹnu òun. Màmá jókòó lé ọwọ́, wọ́n wo ẹnu, wọ́n sì ń gba ipò kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn táńkì omi ni wọ́n ti kọ́ èdè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ ti ń fi ọwọ́ sọ ìtàn, tí wọ́n ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn kékeré. Màmá máa ń sọ pé, "Ilé-ìwé méjì ni mo lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lẹ́yìn táńkì ni mo ti gboyè."

Ní ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn gba Màmá síṣẹ́ nínú yàrá aṣọ, yàrá kan tó ní fèrèsé kan, máṣíìnì méjì, àti agolo bọ́tìnnì tí méjì kò jọra nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń rán aṣọ àwọn òṣèré, tí wọ́n ń lọ ẹ̀wù àwọn tó ń ka ìròyìn, tí wọ́n sì ń tú ṣòkòtò ọ̀gá tó bá ti sanra. Tẹlifíṣàn kékeré kan wà lórí pẹpẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Màmá ní ìdajì orúkọ yẹn kò kan òun.

Ohun tó yí ìgbésí ayé Màmá padà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọdún 1976. Ẹgbẹ́ àwọn adití ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlógún múra, wọ́n di oúnjẹ dání, wọ́n dé pápá ní kùtù, inú wọn sì dùn pé àwọn ló kọ́kọ́ dé. Wákàtí méjì kọjá, àwọn náà ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ọkùnrin tó ń gé koríko pápá rí wọn, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé wọ́n ti sún bọ́ọ̀lù náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lánàá. Màmá wo ìkéde yẹn! Wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó, nítorí táì tí àwọn fúnra wọn rán ni ẹni tó ń kéde rẹ̀ so mọ́rùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n jẹ oúnjẹ wọn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àga tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀, atẹ̀wé kan tó jẹ́ adití bíi tiwọn sì bu ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ fún Màmá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n di tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò díẹ̀ lọ́nà ilé. Màmá ń bi ara wọn pé, bó bá jẹ́ pé iná ló ń bọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni wọ́n ní ká má mu ńkọ́? Ọjọ́ náà ni wọ́n pinnu pé èdè wọn gbọ́dọ̀ dé orí tẹlifíṣàn, láti ọwọ́ àwọn tó ni ín.

Lẹ́tà mọ́kànlá ni Màmá kọ sí ọ̀gá àgbà láàárín ọdún méjì. Wọn a ṣẹ́ lẹ́tà pò, wọn a sì fi sínú àpò kóòtù tí ọ̀gá bá gbé wá fún àtúnṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ọ̀gá juwọ́ sílẹ̀. Ó fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ó ní bí àwọn òǹwòran bá kọ lẹ́tà wá, ètò náà á dúró. Bí wọn kò bá kọ, kí Màmá jọ̀wọ́ kóòtù òun. Màmá sọ ètò náà ní Ọwọ́ Ń Fọhùn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló kù díẹ̀ kí ó di ọjọ́ ìkẹyìn. Bàbá àgbà kan, adití tó ń tún aago ṣe, ló ń sọ bí òun ṣe wá ìyàwó òun rí lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n ti pínyà, àti ohun tí obìnrin náà sọ nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ràn. Bí ó ti rí i pé omijé lé ròrò lójú bàbá náà, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó fa àwòrán súnmọ́ títí ojú bàbá fi kún gbogbo tẹlifíṣàn. Ọwọ́ bàbá bọ́ síta. Àwọn adití tó ń wò nílé rí ojú tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, tó tún ń sunkún, wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú. Fún ẹni tó ń gbọ́ràn, àfi bíi kí wọ́n pa rédíò níbi tí ìtàn ti dùn jù. Màmá ń ju ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí ó sún sẹ́yìn. Oníkámẹ́rà rò pé wọ́n ń yin òun ni, ó bá tún fà á súnmọ́ sí i.

Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́fà ló wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Inú ń bí gbogbo wọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń béèrè: kí ni obìnrin náà sọ? Ọ̀gá àgbà kò ka ọ̀kankan. Ó wo bí wọ́n ṣe ga tó lórí tábìlì, ó ní ètò náà ti gbayì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá náà padà wá. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, Màmá mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, wọ́n wọn bàbá láti òkè orí dé ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì, wọ́n sì wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń dé lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n wá fa òwú funfun yí ojú tẹlifíṣàn inú sítúdíò, èyí tí oníkámẹ́rà fi ń wo ohun tó ń yà, ká, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n sì kọ ìwé há sókè rẹ̀ pé: Ẹ MÁ GÉ ỌWỌ́. Ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ kọjá òwú. Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí ti wá. Wọ́n ti pààrọ̀ tẹlifíṣàn sítúdíò náà lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà náà, wọ́n sì ń fa òwú tuntun sí i nígbà gbogbo. Ní ti ìyàwó bàbá oníṣẹ́ aago, ohun tó sọ ni pé, "O pẹ́ jù. Oúnjẹ ti tutù."

Ní ọdún 1985, Màmá fi yàrá aṣọ sílẹ̀, wọ́n di olùdarí ètò náà pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di ọgbọ̀n. Ìròyìn wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìlera wà níbẹ̀, àwàdà àti ìjà tọkọtaya náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n kọ́ àwọn adití bí a ti ń di kámẹ́rà mú, bí a ti ń to iná, bí a ti ń gé fídíò, títí ó fi jẹ́ pé ẹṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń gbọ́ràn nínú gbogbo wọn. Òun náà sì kọ́ èdè ọwọ́ nígbà tó yá, torí ó ní òun kò lè máa wà nítòsí òfófó láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nílé, àwa ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún Màmá. Bí wọ́n bá ń bá wa wí, àrékérekè wa ni pé ká di ojú wa pinpin kí a má baà "gbọ́." Màmá kì í bínú. Wọn a fa àga, wọn a jókòó síwájú wa, wọn a sì gbé ọwọ́ sókè dè wá. Ojú kò lè dì títí láé.

Olùfọkànsìn ni wọ́n nínú ìjọ. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí àlùfáà ní sí wọn ni pé wọn kì í di ojú gbàdúrà. Màmá fèsì pé, "Ojú mi ni etí mi. Tí mo bá dì í, ta ló máa sọ fún mi pé ẹ ti ṣe àmín?" Àlùfáà rò ó wò, ó sì lọ kọ́ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe àmín, gbogbo ìjọ ló ń ṣe é báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Màmá ń kọ́ àwọn aládùúgbò ní èdè ọwọ́ ní pálọ̀ wa: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ló máa ń gbé ipò ìkẹyìn, ṣùgbọ́n òun ló ń mú búrẹ́dì wá, kò sẹ́ni tó lè lé e.

Ní ọdún 2004 ni ewu ńlá dé. Ọ̀gá tuntun kan fẹ́ dá Ọwọ́ Ń Fọhùn dúró. Ó ní ògbufọ̀ kan tó bá dúró ní igun ìsàlẹ̀ ìròyìn, ní ìwọ̀n páálí ìṣáná, tó àwọn adití. Màmá kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn kò bá a jà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n to fídíò tí ọ̀gá fẹ́ fi kí àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n tan fídíò. Màmá ló kún ojú tẹlifíṣàn fọ́fọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá alára wà ní igun ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n páálí ìṣáná, wọ́n sì ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wá bá Màmá, àkọ́bí nínú àwa ọmọ sì ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Ó ní, "Màmá, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ara mi lánàá o." Màmá ní, "Ẹ kú oríire, sà. Ó ti yé yín." Ètò náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ jù. Ó dùn wá gan-an. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà sì ń kólòlò bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Bàbá wa náà bá pa ọwọ́ ọ̀tún tiwọn tì, àwọn náà ń fi òsì sọ̀rọ̀, kí ìyàwó wọn má baà dá kólòlò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọmọ-ọmọ wọn àgbà, tó ti di olùdarí ètò náà báyìí, fi fóònù pè wọ́n láti sítúdíò kí wọ́n lè rí ara wọn. Ó ń sunkún nítorí àárẹ̀ Màmá, ó sì gbé fóònù súnmọ́ ojú jù. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n tì í síwájú lẹ́ẹ̀mẹta: "Sún sẹ́yìn. Mi ò rí ọwọ́ ẹ." Ọmọ náà gbé fóònù ka orí àga, ó sún sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sọ ohun tó fẹ́ sọ: pé òwú ṣì wà lójú gíláàsì, pé òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Màmá rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sùn, wọn kò jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Màmá fi ọkọ wọn sáyé, àti àbúrò wọn ọkùnrin kan tó ṣì ń jiyàn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: ọ̀kan jẹ́ ògbufọ̀, ọ̀kan oníkámẹ́rà, ọ̀kan nọ́ọ̀sì. Wọ́n sì fi ọmọ-ọmọ méje sáyé; èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá, ó sì ti ń fi ọwọ́ béèrè wàrà.

A ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹni tó ń ya fídíò níbi ìsìnkú yìí. Bí ẹ bá rí omijé lójú wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ dúró lókèèrè, kí ọwọ́ wa lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Ẹ bá wa na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí a mì wọ́n, bí àwọn adití ti ń yin ẹni tó ṣe dáadáa.

Màmá, a ti sún sẹ́yìn. Gbogbo ọwọ́ wa ló hàn. Ẹ sùn ire.