Ìwé Eré Wilfrido

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, mo tiẹ̀ ti sanra díẹ̀.

Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tá à ń tì lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà níbí kàn ń fìdí rẹmi ṣáá ni lọ́dún yìí. Bàbá Harlan, ará ìlú yìí tó máa ń jókòó tì wá ní pápá, ní àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ni ò dáa. Wilfrido ọ̀rẹ́ mi fèsì pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dìbò fún ìjọba tó ń kó àlejò lọ. Ta ló fẹ́ wá bá yín jù ú?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Àwọn ọ̀daràn ni wọ́n ń kó, ọmọ mi. Kò kàn ẹ́. Lọ ra gúgúrú wá."

Ẹ rántí bí bàbá mi ṣe kọ́ èmi àti Wilfrido nílé ní Barquisimeto: oníkálukú ló ń kọ bí eré ṣe ń lọ sínú ìwé tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde, ẹni tó jókòó tì í á máa bá a kọ ọ́ títí á fi dé. Wilfrido gbé ìwé rẹ̀ lé mi nítan, ó lọ ra gúgúrú. Orí ìlà ibẹ̀ làwọn agbófinró ti mú un.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò lọ sí pápá mọ́. Eré dùn-ún gbọ́ lórí rédíò nínú yàrá. Bàbá Harlan ló ń bá mi ra oúnjẹ wá. Kì í sọ̀rọ̀ ìjọba mọ́. Ó kàn máa ń béèrè bóyá mo ti kọ ti Wilfrido.

Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò fo eré kankan nínú ìwé ọmọ wọn. Mò ń bá a kọ ọ́ títí á fi dé.

Èmi ọmọ yín,
Eudomar