Ìbọn Tí Kò Já Bàbá Mi Kulẹ̀ Rí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé yín ní Ọ̀kà ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, orí àga yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí. Àná ni mo dé láti Ìkàrẹ́. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi ń kọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo tún ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Iṣẹ́ tíṣà ló bà mí jẹ́.

Ìbọn yín ló gbé mi wá. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti bá yín lọ, àwọn ọlọ́pàá sì ń retí mi lọ́jọ́ Ajé ní àgọ́ wọn ní Ìkàrẹ́, kí n gbé e wá tòun ti gbogbo ọta rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Láti oṣù mẹ́rin tí a ti sin yín, n kò tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ìbọn náà, nítorí wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín ṣì ń ki ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, tí òjò sì ń ba ẹ̀tù wọn jẹ́, ìbọn pọ́ǹpù tiyín kò mọ òjò, kò mọ ọyẹ́. Ẹ ó fa igi abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ó tì í síwájú, kìràkà! Ọta mìíràn ti wọlé. Ọta wẹ́wẹ́ fún àparò àti awó, ọta ńlá fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Òun ló ń lé ọ̀bọ kúrò nínú kòkó wa, òun náà lẹ gbé kọ́ èjìká nígbà tí ẹ ń bá àwọn fijilanté ṣọ́ ọ̀nà oko. Nígbà mìíràn, ẹ kì í tilẹ̀ yìn ín. Ẹ gbà pé kìràkà yẹn nìkan ti tó fún ọmọ ènìyàn, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á rántí ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Mo ṣì ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ọ̀sán Sátidé. Ẹ ó tẹ́ ẹní, ẹ ó fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi nù ún, èmi ni n ó di àkísà mú. Lẹ́yìn náà ni eré wa á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọjú sí ògiri, èmi á ki iye ọta tó bá wù mí sínú rẹ̀. Ẹ ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó dijú, ẹ ó sì sọ iye tó wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, èmi ni n ó lọ bu omi tútù wá fún yín nínú àmù. Bí ẹ bá ṣì í, iwe awó di tèmi. Ẹ ò ṣì í rí, síbẹ̀ èmi náà ni mo ń jẹ iwe. Lọ́jọ́ tí n kò ki ẹyọ kan sí i, tí mo rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ yín, ẹ ò tíì gbé e tán tí ẹ fi na ife sí mi.

A ò mọ̀ pé ojú yín ti ń ṣú tó bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ fi pa ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa. Ẹ ní ẹ rò pé ọ̀yà ni. Ọ̀yà oníwo! Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ sì fi ewúrẹ́ mìíràn rọ́pò. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ibi tí ewúrẹ́ yẹn dúró sí, ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀ máa ń jókòó sí ṣeré. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ẹ ò gbà. Mo bẹ̀ yín ká lọ ṣe ojú, ẹ sún un di ẹ̀yìn ìkórè.

Bàbá mi, èmi ni mo kó ọta yín. Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ márùn-ún tó wà nínú ìbọn, mo kó mẹ́rin tó kù nínú àpótí yín, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo sì fi wọ́n pamọ́ sínú ìkòkò àgbo màmá mi tó ti sán, lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo padà sí Ìkàrẹ́ bí ẹni tó ṣe rere. Mo ń retí kí ẹ pè mí, kí ẹ bínú. Ẹ pè mí lóòótọ́. Ẹ béèrè ikọ́ ọmọ mi, ẹ ṣàdúrà fún wa, ó tán. Mo wá fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé ẹ ò tíì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó kọlù yín nínú oko ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Epinmi. Bàbá Dàpọ̀, tí oko rẹ̀ àti tiyín jọ pààlà, ló sáré dé ọ̀dọ̀ yín, òun ló gbé yín dé ọsibítù, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti tán lára yín. Ó gbọ́ kìràkà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́ ìró ìbọn. Níbi ìsìnkú, ohun tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé ìbọn yín ló dalẹ̀ yín, pé ó ti gbó. Mo jókòó láàárín wọn, n kò la ẹnu. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò mọ ohun tí kìràkà túmọ̀ sí. Ẹ mọ èyí jù mí lọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ kó ọta náà nínú ìkòkò. Òjò ti wọ ibẹ̀, mo ti gbà pé wọ́n á ti bàjẹ́. Ọ̀rá mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Agolo mílíìkì ni mo bá, tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹnu rẹ̀ pa. Mo ṣí i. Èédú kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa ọ̀rinrin, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ọta sì tò sórí rẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́sàn-án ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eérú, mo sunkún títí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi gbọ́ mi láti ilé rẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ tọ́jú wọn, ẹ sì dá wọn padà síbi tí mo fi wọ́n sí, ẹ ò mú ẹyọ kan. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin náà ti ro ti ọmọ-ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀ yẹn ni? Àbí ẹ ò fẹ́ kí ojú tì mí? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí, kí ẹ bú mi, kí ẹ ní kí n dá nǹkan yín padà? N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ǹ bá gbà. Kí lẹ wá ń gbé ìbọn tí kò lọ́ta nínú lọ sóko fún?

Lọ́sàn-án yìí mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Dàpọ̀. Ó kàn béèrè bóyá mo ti jẹun ni. Bí àwọn ọlọ́pàá bá wá bi mí bóyá ìbọn náà ṣì ń ṣiṣẹ́, n ó sọ fún wọn pé kò já yín kulẹ̀ rí.

Kí n tó fi aṣọ dì í, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo dijú. Ó fúyẹ́, Bàbá. Èmi tí n kò ṣọdẹ rí, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti gbà á. Ẹ kàn ò na ife sí mi ni.

Mo ti lọ bu omi tútù náà wá. Mo gbé e sórí ibojì yín, lápá ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ yín á ti tó o.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń jẹ iwe awó láìborí, tí ìfẹ́ yín kò sì tán lọ́kàn rẹ̀.