Wọ́n Ti Ṣe Iṣẹ́ Abẹ fún Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà lọ́hùn-ún? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde nílé, àbí o ṣì ń fi omi tútù tan ikùn jẹ? Àwa tí a wà nílé ò ṣàìsàn, a ò sì wá nǹkan tì. Ẹni tó ń ṣọ́ wa níbí, òun náà ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́ níbẹ̀, kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀, mo ti lè fi ayùn gé pákó kan tán kí n tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìpara, gbogbo wa la sì sọ pé ó dára, nítorí kí lèèyàn tún fẹ́ sọ nígbà tí ọ̀dà ti gbẹ.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju owó fóònù mi lọ, yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá rẹ kì í jìnnà sí mi, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn.

Iṣẹ́ tí o rán mi nípa kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ nínú yàrá rẹ, mo ti jẹ́ ẹ. O ní nǹkan tó ń darí rẹ̀ nínú ti gbó, àwọn tó ṣe é ò sì ní máa ṣọ́ ọ mọ́, pé bí a bá fẹ́ máa rí ojú ara wa nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n fi tuntun sí i. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ibi tí kò ti yé mi ni orúkọ nǹkan náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ní ọpuréètìn sísítẹ́ẹ̀mù ni, ọpuréṣọ̀n ni etí mi gbọ́. Mo bi í pé ṣé kò sí oògùn tí a lè lò wò ná kí a tó gbé ọ̀rọ̀ dé orí iṣẹ́ abẹ. Ó wò mí títí, ó ní bàbá, ó ti kọjá oògùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe obìnrin náà ní Dókítà títí di òní, kò sì bá mi jà sí i.

Dókítà kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní a kì í dédé ṣe é, ó ní bí ara rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó kó tó lè gbà á. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó wá ní ìrántí rẹ̀ kéré, òun máa ra òmíràn fi kún un. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń ta ìrántí ni. Ó ní wọ́n ń tà á, ó pọ̀ lórí àtẹ. Mo ní bó bá rí èyí tó bá orí èèyàn mu, kó jọ̀ọ́ bá mi mú ọ̀kan bọ̀, nítorí mo kan ìlẹ̀kùn kan tán láìpẹ́ yìí, mi ò sì rántí ẹni tó ní kí n kàn án mọ́, ó ṣì fara ti ògiri níbẹ̀, tó ń wò mí, tí èmi náà ń wò ó.

Bó ṣe ń lọ ló ní kòkòrò àrùn ti wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Nítorí náà, nígbà tó ku ọ̀la kó wá, mo gbá yàrá rẹ, mo nu ilẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo bẹ alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé wa pé kó bá wa dá òòlù dúró, aláìsàn wà nílé. Mo sì sọ fún ìyá rẹ, tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, pé kó má sún mọ́ ọn, kí tọ̀hún má baà kó bá tibí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni kò ti wọ yàrá yẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti tọ́jú dè ọ́ láti kékeré, o ní o ò ní jókòó sídìí rẹ̀, o ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lo fẹ́, òun náà ní bí o bá kọjá ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, o ò ní ìyá níbí mọ́, o sì kọjá. Agídí yín dọ́gba, mi ò mọ ẹni tó kó ran ẹnì kejì. Láti ìgbà náà, bí o bá pè mí, á dìde kúrò níbẹ̀, bí mo bá parí ọ̀rọ̀ tán, á bi mí bóyá iyọ̀ ṣì wà nílé.

Ọmọ ọwọ́ ni Dókítà pọ̀n wá lọ́jọ́ náà. Bó bá gbé irinṣẹ́, ọmọ á já a gbà. Ìyá rẹ gbọ́ ariwo wọn láti ìta, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun. Ọmọ náà kò kọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n bí kò bá ti rí ìyá rẹ̀, igbe ni. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ké. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ọmọ ò dákẹ́. Bó ṣe di pé ó jókòó sórí ibùsùn rẹ nìyẹn.

Dókítà wá ní tuntun máa gbá ògbólógbòó dànù ni, ó bi wá bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tí a ò fẹ́ kó ṣègbé. Mo ní mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ló bá ṣí i. Àwòrán ni. Èmi rò pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni, àfi bí mo ṣe rí ìyá rẹ. Ìyá rẹ nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ tó sùn lọ lórí àga, téèpù lọ́rùn. Ìyá rẹ tó ń bá mi jà, ọwọ́ mi nìkan ló hàn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan lórí pẹ́dà. Ọ̀kan wà tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ yọ, èmi tí mo fẹ́ ẹ, mi ò mọ ìgbà tó rín irú ẹ̀rín yẹn. Dókítà ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò tán.

Ọmọ ti sùn lọ láyà ìyá rẹ. Nígbà tó yá, ó bi Dókítà pé níbo ni ẹni tó ya ìwọ̀nyí dúró sí. Dókítà ní pẹ̀lú bó ṣe súnmọ́ tó, ẹ̀gbẹ́ yín ni, mà.

Ìyá rẹ ní, “Mi ò rí i.”

Ó wá ní kí wọ́n má pa ẹyọ kan rẹ́. Dókítà da gbogbo rẹ̀ kọ sínú nǹkan kékeré kan tí kò ju èékánná lọ, ìyá rẹ gbà á, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbé ìwé àdéhùn kan jáde, ó gùn bí ọ̀nà oko, ó ní kí a gbà. Mo ní mi ò lè gba ohun tí mi ò tíì kà, bí ilé yìí bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Dókítà ní kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo ní kó kà á fún mi. Ó ka díẹ̀, ó yán, mo ní ó tó, a gbà. Ó ní tuntun ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti inú afẹ́fẹ́, mo yára ṣí fèrèsé méjèèjì kí ohunkóhun má dí i lọ́nà. Lójijì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo ṣí fìlà. Dókítà ní kò kú, ó ń tún ara rẹ̀ jí ni. Ìyá rẹ ní kí n jókòó, mò ń dẹ́rù ba ọmọ.

Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó tó jí pátápátá. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni orúkọ ẹni tó ni ín. Dókítà kọjú sí wa. Èmi ti ya ẹnu láti dárúkọ ara mi, torí pé èmi ni mo kan tábìlì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, “Adúmáradán.”

Ìwọ náà mọ̀ pé òun nìkan ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, o sì mọ ìgbà tó ti pè é gbẹ̀yìn. Ó pe lẹ́tà rẹ̀ fún Dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà náà kọ nǹkan jáde, Dókítà túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ó ní káàbọ̀ ni ó ń kí Adúmáradán.

Ìyá rẹ wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó rọra dá a lóhùn pé, “Kò tíì dé.”

Ọmọ mi, mo jáde síta, mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láràárọ̀ báyìí, ìyá rẹ ń lọ nu eruku ara kọ̀ǹpútà náà. Ó ti sá ibùsùn rẹ sóòrùn, ó ní nítorí ọmọ Dókítà ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ Dókítà ti lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ó wá ku nǹkan kan. Dókítà ní kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ràn, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú. Àwa máa rí ọ, ìwọ ò ní rí wa, àfi bí a bá ra ojú fún un, kí a fi há orí rẹ̀. Mo wá ní kí o fi owó ojú ránṣẹ́, kí o sì fi owó ìpara orúnkún mi lé e. Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí ìyá rẹ fi bá mi lórí tábìlì, tó ní kí n ka ohun tí mò ń kọ fún òun. Mo ka èyí tó ṣe é kà. Ó ní kí n fagi lé owó ojú. Ó ní kí o má fi owó ránṣẹ́, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé ojú náà wá. Kò fagi lé ti orúnkún, nítorí náà, má gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ á gbé ọ bọ̀. Wọn ò ní wá ọ tì nídìí iṣẹ́ rẹ, wọn ò sì ní wá ọ tì nílé. Ohun tí o bá fi ọwọ́ kàn á tọ́jọ́. Oúnjẹ rẹ á máa dùn lẹ́nu rẹ, oorun rẹ á máa dùn lójú rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.