Bíríkìlà Tó Ń Bèèrè Ọ̀nà Lójoojúmọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó yá wa ní irú bàbá yìí, tó sì gbà wọ́n padà lọ́jọ́ tó wù Ú. Ọdún 1946 ni wọ́n bí Bàbá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Káfíńtà òrùlé ni bàbá wọn, ìyá wọn ń hun ẹní. Ládàánì ni bàbá bàbá wọn, nítorí náà ìpè ìrun ló ń jí wọn láti kékeré, wọ́n fẹ́ wọ́n kọ̀.

Wọ́n ka kéú, wọ́n sì parí ìwé mẹ́fà ní 1960. Àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé olùkọ́ ìṣirò nìkan ni inú rẹ̀ dùn sí àwọn, àwọn yòókù kàn ń fara dà á ni. Ní 1961, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá wọn, ẹni tí kì í yin èèyàn. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, ọ̀gá yìí wo ògiri wọn títí, kò rí àléébù kankan, ó bá ní kí wọ́n lọ jẹun.

Ní 1972, wọ́n gbé Ìyá wa níyàwó. Télọ̀ ni Ìyá wa, iwájú ilé tí Bàbá ń kọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi gbé ṣòkòtò kan náà wá fún àtúnrán. Ìyá ní ó yé òun pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ya á.

Ẹni tó bá ń kírun márààrún lójúmọ́ ń bẹ Ọlọ́run nígbà mẹ́tàdínlógún pé kó tọ́ òun sí ọ̀nà tó tọ́. Bàbá wa kì í fi ẹnu lásán sọ ọ́. Bí ìrun bá tó níbi iṣẹ́, wọ́n á fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́, wọ́n á ṣàlùwàlá, wọ́n á tẹ́ ẹní. Ọmọ-ọmọ wọn kan bi wọ́n léèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò tíì mọ ọ̀nà náà ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Bíríkìlà tó wọn ògiri lẹ́ẹ̀kan tó sọ okùn ìwọ̀n nù, má jókòó sábẹ́ ògiri ẹ̀ o.”

Ní 1984, jámáà gbé iṣẹ́ mọ́sáláṣí àdúgbò fún wọn. Wọ́n fi kọ́ńpáàsì wá Gábàsì, ibi tí olùkírun ń kọjú sí, wọ́n ta okùn, ilé náà sì dára. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, níbi iṣẹ́ mìíràn, wọ́n fẹ́ kírun Aílà, wọ́n gbé kọ́ńpáàsì náà sórí òkìtì irin. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ yí. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, ó tún yí padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé orí òkìtì irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé lọ́jọ́ tí wọ́n ta okùn mọ́sáláṣí. Mọ́sáláṣí tí wọ́n kọ́ kò kọjú sí Gábàsì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi àwọn àti Ọlọ́run.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ yan ẹni tó máa kọ́ ilé-ìwé ńlá kan, orúkọ Bàbá ló sì wà lókè. Ẹnì kan nínú ilé bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ bo ara yín láṣìírí. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún bíríkìlà tó sọ Gábàsì nù?” Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi kí ráká méjì lọ́tọ̀, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá àwọn yan èyí tó dára. Wọn ò lá àlá kankan. Wọ́n kàn sọ fún wa pé lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí àwọn dé ibi “Tọ́ wa sí ọ̀nà tó tọ́,” ojú ti àwọn láti parí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀nà hàn, kí ló tún ń bèèrè?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n dìde láàárín jámáà, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà,” wọ́n sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Lèmọ́mù ní Ọlọ́run kì í ka àṣìṣe sí ẹni tó sapá lọ́rùn, pé ìrun tí wọ́n ti kí ti gùn, kí wọ́n má wó ilé, kí wọ́n kàn ya ìlà tuntun tó bá Gábàsì mu sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn kun ìlà náà títí Alásàrì fi tó.

Ilé-ìwé náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. A ò ní purọ́, ọdún yẹn le. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn tó ń kọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri: wọ́n ní bí ògiri àwọn bá wọ́, ẹni tó máa sọ ọ́ làwọn ń fẹ́. Ní 1998, ẹgbẹ́ bíríkìlà fi wọ́n ṣe alága, ipò tí wọ́n wà fún ọdún méjìlá. Orí wa wú, ó ṣì ń wú.

Láti 2021, ẹsẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́, ìjókòó ni wọ́n ti ń kírun. Lọ́jọ́bọ̀ kan ní 2024, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, wọ́n dágbére fáyé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, àti ọmọ márùn-ún: bíríkìlà méjì (obìnrin ni ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ló sì tọ́ jù), nọ́ọ̀sì kan, tíṣà kan, àti àbígbẹ̀yìn tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá ló wà, àrọ́mọdọ́mọ méjì.

A ka ìwé yìí sétí Ìyá wa kí a tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí ló dé tí a kọ “ẹnì kan nínú ilé.” Wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kí Bàbá yín dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbogbo ayé kà á. Mo dúpẹ́ pé wọn ò gbọ́ tèmi.”

Bàbá wa, a ti kọ ọ́. Kí Ọlọ́run fẹ ilé tuntun yín lójú, kó sì tàn án. Ẹ sùn re o.