Aago Ọkọ̀ Mi Ló Purọ́, Kì í Ṣe Àbúrò Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Mo ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tó dàgbà jù mí lọ. Aago tó ń ka eré rẹ̀ kì í sọ òótọ́: bó bá fi ogójì hàn, ọkọ̀ ti ń sá àádọ́rin. Èmi kì í wò ó mọ́. Ìró ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń mọ eré.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi wá yá ọkọ̀ náà. Aṣọ oníbàárà ni mo ń gé lọ́wọ́, mo kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí i, mi ò rántí láti kìlọ̀ fún un. Ní kọ́nà kan, ó já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Ogójì ni mo ń sá."

Bàbá wa ní, "Irọ́ lò ń pa. Ṣé ogójì ló máa rún mọ́tò báyìí?"

Mo wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò sọ ọ̀rọ̀ aago náà fún wọn. Láti ọjọ́ náà, òpùrọ́ ni wọ́n ń pè é nílé.

Lánàá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó jọ pé mo sáré lóòótọ́."

Olóòtú, ara rẹ̀ gan-an ni kò gbà gbọ́ mọ́. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún òun nìkan ni, àbí níwájú bàbá wa àti gbogbo ilé? Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni àbúrò mi, èwo lẹ máa fẹ́?