Ohùn Tí Yóò Dé Etí Atukọ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Mo ti dé ilé Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ní kí n lọ bá a gbé nǹkan tó wúwo, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ò tíì rí mi. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń wá mi kiri.

(Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe Àǹtí ní "ó". Lójúkojú, "ẹ" ni, bí mo bá fẹ́ jẹun.)

Nǹkan tó wúwo náà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó tóbi tó fíríìjì kékeré. Àǹtí ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kan sí ìkejì — kì í ṣe iṣẹ́, ìfẹ́ ni. Ohùn tó ń jáde látinú rédíò rẹ̀ kéré. Áńpílífáyà yìí ló ń gbà á wọlé, tó ń bọ́ ọ yó, tó ń tì í síta ní géńdé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án. Kò sí tíránsítọ̀ níbẹ̀. Fáàfù ni: gílóòbù gíga bí ìgò, tí iná inú rẹ̀ kì í ṣe ti ká fi ríran.

Ní pólì, wọ́n kọ́ wa pé fáàfù ti kú. A ṣe ìdánwò lórí ikú rẹ̀. Mo gba B.

Ẹgbẹ̀ẹ́dógún lorúkọ ẹ̀rọ náà, torí iye fólíìtì tó ń sáré nínú rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dún gbàmù, ó rú èéfín, ó dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti mọ ìdí tí ojú Àǹtí fi le. Ọkùnrin kan wà lókè òkun tó ń pè ní Atukọ̀. Òun ló ń di rédíò mú nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó ṣì lágbára. Òun àti Àǹtí ti ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí mi ò tíì hu eyín. Wọn ò fojú kan ara wọn rí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: wọ́n ń kó bàbá lọ sí ilé alájà kan tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn ri irin mọ́ òrùlé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá tú òpó eríà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo ní kí ló dé tí Àǹtí ò kàn pè é lórí fóònù. Àǹtí wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n lọ bu omi fún ẹja. Ó ní, "Lórí fóònù, adití ni. 'Hẹ̀n? Hẹ̀n?' lo máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lórí afẹ́fẹ́, ó ń gbọ́ ọ kó o tó mí." Àmọ́ etí náà ti ń dàgbà. Ohùn kékeré ò wọ̀ ọ́ mọ́ láàárín ariwo. Àfi ohùn ńlá. Àfi Ẹgbẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

A ṣí Ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Rárá — Àǹtí ṣí i. Èmi dúró síbi tó ní kí n dúró sí.

Òfin àkọ́kọ́: bí a bá tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn agolo kan wà nísàlẹ̀ tó ń fi iná pamọ́ bí ẹni tó di kùnrùngbùn sínú. Nítorí náà, ọ̀pá gígùn kan wà, ìkọ́ bàbà lórí rẹ̀, wáyà so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pá yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Àgò ló ń jẹ́. Àǹtí ní, "Ẹni tí ò bá kágò, àwọn ará ilé ẹ̀ la máa lọ kí." Ó na Àgò sí agolo kan. Ó ta pàú! Mo kọ́ nípa rẹ̀ ní kíláàsì. Kò ta pàú ní kíláàsì.

Òfin kejì: ọwọ́ òsì nínú àpò, kí iná má bàa rí ọ̀nà gba àyà kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Gbogbo aṣọ Àǹtí ló ní àpò lápá òsì, títí kan èyí tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Télọ̀ tó wà nílé kejì ló ń rán wọn. Obìnrin náà sọ fún mi lójú fèrèsé pé òun ò bínú sí àpò, ẹ̀rọ ló ń bí òun nínú. Gbogbo ìgbà tí Àǹtí bá ti ń fi Ẹgbẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ orin inú ṣọ́ọ̀bù òun á pa orin tì, á máa ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbàdúrà.

"Oníbàárà mi kan tiẹ̀ ṣe àmín," ó ní.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbé tíránsífọ́mà ẹ̀rọ náà lọ, mo gbé e bọ̀. Ẹ̀yìn mi náà ti fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

A ti rí ọ̀daràn náà. Kọ́ìlì kan: wáyà tín-ín-rín bí irun, tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá funfun. Ó ti jó di èédú, ó sì fa fáàfù lọ́wọ́ lọ sọ́run.

Àǹtí wé òmíràn. Ó fi ọ̀pá sẹ́nu dírílì olọ́wọ́, ó ń yí i, ó ń ka ìyípo lábẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá ń mu tíì, mo ti rí i. Nígbà tó di wáyà yẹn mú, kò gbọ̀n. Ìyípo kan fara ti èkejì bí àwọn tó tò síwájú bánkì níbi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé sáàárín.

Ó ti ń parí lọ nígbà tí Télọ̀ yọjú. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àǹtí dáhùn — ṣé èèyàn lè ṣaláì dáhùn? Ìṣirò bá lọ. Ó tú gbogbo rẹ̀ pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Mo wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bá a gba ìkíni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Fáàfù kan ṣoṣo ló kù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Àǹtí ti fà á jáde, wọ́n fi òwú wé e bí ọmọ tuntun. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

Inú fáàfù, òfìfo pọ́ńbélé ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ bó bá ti sùn pẹ́, atẹ́gùn díẹ̀ á yọ́ jáde látara irin inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá da ẹgbẹ̀ẹ́dógún lé e lórí lójijì, á bú gbàmù. Iná kékeré nìkan la ó kọ́kọ́ tàn fún un, kó máa yá a, títí irin á fi gbé atẹ́gùn rẹ̀ mì padà. Mo bèèrè pé títí di ìgbà wo. Àǹtí ní, "Títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Tèmi náà ò balẹ̀. Mo ní ọjọ́ ń lọ, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àǹtí ní: "Ìnjiníà, bó o bá jí arúgbó lójú oorun, ṣé wàá ní kó fò fún ẹ?"

Ó lọ bomi rin òdòdó. Mo jókòó ti fáàfù. Iná inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó dákẹ́, kò jọ pé ó ń kánjú. Ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ṣiṣẹ́!

Garawa la fi dán an wò. Garawa ọ̀dà àtijọ́ ni, òróró kún inú rẹ̀, rẹsítọ̀ ńlá kan rì sínú òróró. Bí wọ́n bá so okùn ẹ̀rọ mọ́ garawa dípò eríà, gbogbo agbára á wọnú òróró, á di ooru, kò ní jáde lọ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Béèyàn ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe láìbá ará àdúgbò jà nìyẹn.

Ọwọ́ òsì Àǹtí nínú àpò. Ọwọ́ ọ̀tún lórí bọ́tìnnì. Iná ńlá dé. Abẹ́rẹ́ mítà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àgbà tí wọ́n pè níbi ìpàdé, ó sì dúró síbi tí Àǹtí ti fi bírò sàmì kó tó tàn án. Ibẹ̀ gan-an. Irin inú fáàfù pọ́n bí etí ọmọ tí wọ́n ń bá wí.

Mo pàtẹ́wọ́. Àǹtí ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ti wà níta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́rin ni àdéhùn Àǹtí àti Atukọ̀. Àǹtí pè. Mítà dára. Fáàfù pọ́n. Ó tún pè. Ariwo afẹ́fẹ́ nìkan. Ó pè fún odindi wákàtí kan, ohùn rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ó ń fi àyè tó gùn sí i sílẹ̀ láàárín ìpè kan sí èkejì. Nígbà tó yá ó pa á. Ó ní bóyá wọ́n ti kó bàbá lọ. Ó ní bóyá etí náà ti parí. Ó ń nu mítà tí kò dọ̀tí.

Ìgbà náà ni Télọ̀ wọlé, bísíkíìtì lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó wá dúpẹ́. "Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín! Ẹ ti bá mi wo ẹ̀rọ yẹn sàn. Ẹ̀rọ orin mi ò ṣe pẹ́pẹ́yẹ lónìí rárá. Kò tiẹ̀ húkọ́."

Mo wo Àǹtí. Àǹtí wo garawa. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí omi ìwẹ̀.

Okùn ṣì wà lára garawa. A ti bá òróró sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àwa méjèèjì la wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń so okùn, nítorí náà a ò wádìí ẹni tó so ó. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Télọ̀ náà ń rín in, kò mọ ohun tó ń rín. Lẹ́yìn náà Àǹtí dìde, ó gbé okùn sí eríà, ó tún pè. Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀nà ojú ọ̀run máa ń ṣí, ó sì máa ń dí. Ti òní ti dí.

Àárọ̀ ọ̀la nìkan ló kù. Àwọn òṣìṣẹ́ náà, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo yẹ okùn wò. Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò. Télọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú fèrèsé.

Ó pè. Ariwo. Ó pè. Ohùn kan wá jáde, tín-ín-rín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò:

"Arábìnrin, ẹ rọra. Ẹ fẹ́ fa etí mi ya."

Àǹtí di ojú. Ó là á. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbọ́ràn mọ́."

Atukọ̀ ní àná ńkọ́, òun jókòó títí. Àǹtí sọ ti garawa fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi tí ó húkọ́. Ó ní ẹni tí ò bá tíì bá garawa sọ̀rọ̀ rí, kò tíì wọnú iṣẹ́ yìí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lórí òrùlé. Ó ní òun ní kí wọ́n mu omi ná. Mo ti retí ọ̀rọ̀ ńlá. Orúnkún ni wọ́n sọ. Orúnkún òsì, orúnkún ọ̀tún, òróró tí wọ́n fi ń pa á. Lẹ́yìn náà ó ní: nílé tuntun, wọn ò ní jẹ́ kí òun ri òpó, láìsí òpó òun ò lè fọhùn. Àmọ́ ta ló ń yẹ ojú fèrèsé wò? Òun á na wáyà tín-ín-rín kan síbẹ̀, òun á so ó mọ́ rédíò kékeré. Ohùn ńlá nìkan ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé. "Nítorí náà, Arábìnrin, ẹ̀yin ẹ máa sọ. Èmi á máa gb—"

Ariwo.

Òpó ti wálẹ̀.

Òfin wọn ni pé èèyàn kì í kúrò lórí afẹ́fẹ́ láìdágbére. Àǹtí pe orúkọ tirẹ̀, ó pe ti Atukọ̀, ó dágbére, ó pa iná ńlá. Fáànù ń yí, ó ń fẹ́ fáàfù lára. Ó jókòó tì í títí ìgò náà fi tutù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ní kí n bi ọmọ bàbá náà bóyá wọ́n ti na wáyà. Àǹtí ní kí n má dán an wò. "Bó bá gbọ́, ó gbọ́. Bí ò bá gbọ́, èmi ni n ò tíì pariwo tó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àǹtí wọ aṣọ tó dáa. Ta ló fẹ́ rí i? N ò bèèrè.

Ó pe Atukọ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó ní òun náà wà dáadáa. Ó bèèrè orúnkún, ó sì dákẹ́ pẹ́, nítorí orúnkún ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ní, "Mo sọ fún yín."

Mo wo abẹ́rẹ́ tó ń fi ohùn tó ń wọlé hàn. Kò mira.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iyàn kan tó jọ pé ó ti pẹ́ láàárín wọn: ṣé òpó gíga ló ń gbé ohùn lọ jìnnà jù ni, àbí ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ rẹ̀? Àǹtí sọ tiẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní, "Rárá o." Ó tún dákẹ́, èyí gùn. Mo rí i tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì nínú àpò.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ jàre."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, n ò tíì rí ẹni tó jàre Àǹtí.